Lẹ́tà Ìlọrin tí Mo Fi Pamọ́

Ẹ̀yin òǹkàwé, ohun kan ti wà lọ́kàn mi fún ọdún méjì tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ń kọ ọ́ nísinsìnyí nítorí pé lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀, ẹni tí mo ṣẹ̀ fẹ́ kí n fọwọ́ sí irọ́ láìmọ̀ pé irọ́ ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán kí ẹ tó bú mi.

Nígbà tí mo jáde ìwé, n kò rí iṣẹ́ ìjọba. Oníṣòwò kan dá yunifásítì tirẹ̀ sílẹ̀, ó sì ṣí ọ́fíìsì kan sí Kabba. Èmi ló fi síbẹ̀ láti máa gba fọ́ọ̀mù, kí n sì máa gba àwọn ọmọ nímọ̀ràn. Ìmọ̀ràn kan ṣoṣo ló gbà mí láyè láti fún wọn: ọ̀dọ̀ wa ni kí wọ́n wá.

Àwọn ará abúlé kò ní àpótí ní pósófíìsì. Àwa ní. A ń jẹ́ kí wọ́n fi nọ́ńbà tiwa gba lẹ́tà, wọ́n sì ń dúpẹ́. Ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ wà.

Dúpẹ́, tí orúkọ rẹ̀ gan-an kò jẹ́ bẹ́ẹ̀, wá láti Makutu pẹ̀lú bàbá rẹ̀. Ó ti fi nọ́ńbà wa kọ̀wé sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ti ìjọba ní Ìlọrin. Bí wọn kò bá gbà á, yóò wá sọ́dọ̀ wa.

Lẹ́tà Ìlọrin dé. Mo ṣí i. Wọ́n gbà á. Ọ̀gá mi rẹ́rìn-ín: "Ọ̀gbẹ́ni, ṣé Ìlọrin ló ń san owó oṣù rẹ ni? Tì í mọ́ dúrọ́ọ̀ jàre." Mo tì í mọ́ ọn. N kò lè sọ pé ó fipá mú mi.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni bàbá náà wá, tó ń kí mi bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe ń kí ènìyàn: "Òkun o, tíṣà. Ìlọrin ò tíì fọhùn?" Mo ní rárá. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó kọjú sí ọmọ rẹ̀ níwájú mi: "Ṣé o rí i? Olódo ni ẹ́. Ẹni tó bá gbà ọ́ ni kí o bá lọ." Ọmọ náà kọ fọ́ọ̀mù wa, mo sì fi ìka tọ́ka ibi tí yóò fọwọ́ sí.

Ìjọba ti ti yunifásítì náà pa. Ìwé ẹ̀rí kankan kò tibẹ̀ jáde. Ọ̀gá mi ń ta sìmẹ́ǹtì báyìí, kò tijú ẹnikẹ́ni, mo sì kórìíra rẹ̀. Mo kórìíra ara mi jù ú lọ. Ẹ má sọ fún mi pé ayé ìgbà náà ló rí bẹ́ẹ̀. Ayé kọ́ ló ṣí lẹ́tà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Dúpẹ́ wá bá mi. Ó padà kọ̀wé sí Ìlọrin, wọ́n sì ní orúkọ rẹ̀ wà lára àwọn tí wọ́n gbà nígbà náà, pé òun ló kọ̀ tí kò wá. Wọ́n ṣe tán láti tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbé yẹ̀ wò, bí ẹni tó ń kó lẹ́tà bá lè kọ ọ́ sílẹ̀ pé tirẹ̀ kò dé.

"Bùrọ̀dá, ẹ̀yin nìkan lẹ lè gbà mí," ló wí.

Bí mo bá kọ pé kò dé, ó ṣeé ṣe kó wọlé, yóò sì máa dúpẹ́ lọ́wọ́ mi títí ayé. Bí mo bá kọ òtítọ́, iṣẹ́ tíṣà tí mo ń ṣe báyìí lè bọ́ lọ́wọ́ mi. Ìyẹn tọ́ sí mi. Ṣùgbọ́n, bí lẹ́tà náà kò ti sí lọ́wọ́ mi mọ́, wọ́n tún lè ní àwa méjèèjì la jọ hùmọ̀ ìtàn náà, kí wọ́n sì lé e padà. N kò mọ̀ bóyá ẹ̀rù tirẹ̀ ló ń bà mí tàbí tèmi.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n kọ?