Omi Pupa Tí Wọ́n Fẹ́ Fi Wẹ Ọmọ Bísí

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì dárin. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí Ọlọ́run fi hàn mí kí wọ́n tó gbé ọmọ ọmọ mi tí mo pọ̀n yìí lọ sódò, kí wọ́n tó fi omi pupa yẹn wẹ̀ ẹ́, kí wọ́n tó fún un mu. Ẹ mọ̀ mí. N kì í ṣe aríran. Èmi ìyá Bísí, bí mo bá ti sùn, mo sùn nìyẹn.

Láti ìgbà tí odò ẹ̀yìn ilé àdúrà yìí ti pọ́n ni Wòólì wa ti ń sọ pé ẹ̀jẹ̀ Jésù ni, pé iṣẹ́ ìyanu ló bẹ̀ wá wò. Ẹ ké halelúyà, ẹ ń rọ ọ́ sí ìgò, ẹ ń gbé e fún aláìsàn. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé síwájú Ọlọ́run nínú àwẹ̀ ọjọ́ Ẹtì. Lẹ́yìn àdúrà ọ̀sán, mo fẹ̀yìn lé ẹní níwájú pẹpẹ yìí, mo ní kí n sinmi díẹ̀. Ojú mi ò tíì pa dé dáadáa tí ẹnì kan fi fọwọ́ kàn mí léjìká. Màmá Àgbà ni, ìyá tó ń pọn omi ìjọ wa kó tó kú. Aṣọ rẹ̀ funfun báláú. Ó ní kí n dìde, pé wọ́n ní kí òun mú mi rìn.

A ò tíì rìn jìnnà tí òórùn ẹyin tó ti bàjẹ́ fi gbà mí nímú. Mo ní èébì ń gbé mi. Ó ní kí n gbé e mì, pé a ò tíì débẹ̀. Ìgbà tí a débẹ̀ ńkọ́? Omi pupa ni, ó ki bí ọbẹ̀ tó ti sùn, ó ń yọ̀ bọ̀rọ̀bọ̀rọ̀, ó lẹ̀ mọ́ òkúta bí ikun imú. Àwọn ènìyàn wà nínú rẹ̀ dé ọrùn. Òùngbẹ ń gbẹ wọ́n, wọ́n ń bù ú mu, wọ́n ń bì í, wọ́n tún ń bu èyí tí wọ́n bì mu. Ìríra gbáà ni.

Mo dá ọ̀kan mọ̀ níbẹ̀. Ọkùnrin tí àwọn tó ń wa èédú lábẹ́ ilẹ̀ wa rán sí wa nígbà ayé rẹ̀ ni, tó ní òjò ló ń pọ́n odò, pé kí a máa jẹ ẹja wa. Ó fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀, ẹrẹ̀ pupa ló ń tú jáde lẹ́nu rẹ̀.

Màmá Àgbà ní, “Ó mọ̀. Omi inú ihò èédú ni wọ́n ń fi pọ́ǹpù fà sódò yín.”

Ọ̀gá tó rán an níṣẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìsun omi tútù kan wà níwájú tiẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá ti fẹ́ bù ú, ilẹ̀ á là, omi á wọlẹ̀ lọ, gẹ́gẹ́ bí ìsun ìdí àpáta wa ṣe wọlẹ̀ lọ nígbà tí wọ́n gbẹ́ abẹ́ rẹ̀. Mo bi Màmá Àgbà pé àwọn tó ń gba ọkọ ọlọ́kọ ńkọ́. Ó ní ẹ̀yìn lọ́hùn-ún ni tiwọn, pé kì í ṣe torí wọn la ṣe pè mí. Ó dùn mí díẹ̀, torí ẹnì kan wà tí mo fẹ́ wò níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló mú mi yà sí ọ̀tún, afẹ́fẹ́ tútù sì fẹ́ sí wa. Omi tibẹ̀ mọ́ débi pé mo rí iyanrìn ìsàlẹ̀ rẹ̀. Àwọn olóòótọ́ jókòó létí rẹ̀, wọ́n ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, ẹja ń kọjá láàárín ẹsẹ̀ wọn. Ara mi balẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ láti bu omi, ni mo bá gbọ́ ẹkún ọmọ ìkókó, mo yíjú, mo rí ẹní kékeré, mo rí ọmọ lórí rẹ̀, mo sún mọ́ ọn, mo wo etí rẹ̀, mo rí àmì dúdú tí mo máa ń rí bí mo bá ń fi òróró pa á lára, ọmọ Bísí ni, ọmọ tó ń mu ọmú lọ́wọ́ nílé, mo fẹ́ gbé e, ọwọ́ mi ò ká a.

Mo ní, “Màmá Àgbà, kí ló wá ṣe níbí?”

Ó ní, “Kò tíì dé. Àyè rẹ̀ ni wọ́n tẹ́ dè é. Bí ẹ bá fún un ní omi yẹn mu, yóò dé.”

Ẹ̀yin ará, ọ̀run àpáàdì ò bà mí lẹ́rù tó ibi ìsinmi yẹn. Mo jí lórí ẹní níwájú pẹpẹ yìí.

Ẹ lọ da èyí tó wà nínú ìgò yín nù. Ẹ̀jẹ̀ Jésù wo ló ń pa ẹja? Ẹ̀jẹ̀ Jésù wo ló ń jẹ ìdí kẹ́tù tí a fi ń se omi? Ó ń rí mi lára pé a fi orúkọ mímọ́ pe ìdọ̀tí àwọn ẹlẹ́èédú.

Wòólì, mo bọ̀wọ̀ fún yín. Ẹ̀yin lẹ gbàdúrà tí Bísí fi lóyún. Mo ti bu omi náà sínú ife, òun rèé. Ẹ mu ún lójú ìjọ. Bí ẹ bá mu ún tán, n ó tú ọmọ yìí sílẹ̀ lẹ́yìn mi, n ó gbé e fún yín.

Ẹ gbà á, Wòólì. Ọwọ́ mi ti ń ro mí.

Ẹ ò gbà á?

Bísí, dìde. Jẹ́ ká máa lọ sílé.