Ẹ̀rọ Ló Túfọ̀ fún Ìyá Mi

Má kí mi, Bọ̀wálé! Mo ní má kí mi! Ẹ káàsán wo? Ọ̀sán wo ló dára nínú ilé yìí láti ọjọ́ Sátidé? Gbé búrẹ́dì rẹ sórí tábìlì níbẹ̀, tàbí kó o gbé e padà, èyí tó bá wù ọ́, nítorí kò sẹ́ni tí yóò jẹ ẹ́. Ẹni tó o tìtorí rẹ̀ rà á ò jẹun. Ó wà ní yàrá, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí ẹní, ó wọ dúdú, orí rẹ̀ ń dán. Bẹ́ẹ̀ ni, ó ń dán! Ìyá mi, Àtinúkẹ́, ẹni ọgọ́rin ọdún, ń ṣe opó. Ó ń ṣe opó ọkọ tó lọ sógun abẹ́lé nígbà tí èmi ò tíì mọ ìrìn-ín rìn. Ìwọ lo sì sọ ọ́ di opó. Ìwọ, ọmọ Afọláyan, ọmọ àbúrò bàbá mi, ìwọ tó jẹ́ pé ẹ̀yìn ìyá yìí lo sùn dàgbà!

Jókòó. Má dúró lé mi lórí. Jókòó kó o gbọ́ ohun tó o ṣe, torí mo ti rí i lójú rẹ pé o rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni.

Kí lo wí? Pé kọmití ni? Ó ti yá! Kọmití! Gbogbo ìgbà tí nǹkan bá bàjẹ́ nílùú yìí, kọmití ló máa ń bà á jẹ́, èèyàn kankan kì í sí níbẹ̀. Ta ni akọ̀wé kọmití náà? Ta ló jókòó sórí àga tó o jókòó sí yìí, tó ń ṣàlàyé fún mi bí ọgbà ìrántí àwọn ọmọ ogun ojú omi wa yóò ṣe rí, pé ẹni tó bá wá ò ní í nílò ẹni tí yóò mú un káàkiri, pé inú fóònù rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ máa wà, yóò ki nǹkan bọ etí, yóò máa dúró níwájú òkúta kọ̀ọ̀kan, yóò tẹ nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀, ohùn yóò sì máa sọ ìtàn ẹni tó ni òkúta náà fún un? Mo ní ó dáa. Inú mi dùn, n ò ní í purọ́. Mo ní ìlú tí kò sún mọ́ òkun, tí kò ní ju ìdákọ̀ró kan tí wọ́n fi tírélà gbé wá láti Èkó, ẹ jẹ́ kó ní ohun tí àwọn ọmọ wa lè fetí gbọ́. Àní nígbà tí ẹ kọ́kọ́ kọ ọ̀rọ̀ tí ohùn náà máa sọ, tí ẹ da ti àwọn òyìnbó kọ, tí ẹ ní "ẹ kọjú sí òkun, kí ẹ dákẹ́ díẹ̀," ta ló rẹ́rìn-ín tán tó sì bá yín tún un ṣe? Òkun wo ló wà ní Ṣàgámù? Ẹni tó bá kọjú síbi tí ẹ wí, ṣọ́ọ̀bù Àlímì tó ń lẹ táyà ló máa rí! Èmi ni mo ní kí ẹ yọ òkun kúrò. Tọkàntọkàn ni mo fi bá yín ṣe é.

Ṣùgbọ́n mo sọ ohun kan fún ọ. Ohun kan ṣoṣo. Mo ní Bọ̀wálé, tí ẹ bá dé òkúta bàbá mi, ẹ má sọ pé ó kú.

Má mi orí sí mi. Mo sọ ọ́ àbí n ò sọ ọ́?

Nítorí o mọ̀. Àlejò lè má mọ̀. Alàgbà Akínkúnmi tó jẹ́ alága yín lè má mọ̀, ará Ìpẹ̀rú lòun. Ìwọ mọ̀. Inú ilé yìí ni wọ́n bí ọ sí. O mọ̀ pé nígbà tí wọ́n rán àwọn ológun wá sílé yìí, bàbá àgbà ni wọ́n bá nílé, òun ni wọ́n sọ fún pé ọkọ̀ ojú omi tí Olúdọ̀tun wà nínú rẹ̀ rì, pé àwọn ò rí òkú. O mọ̀ pé bàbá àgbà ní òun lòun máa túfọ̀ fún ìyàwó, kí ẹnikẹ́ni má yanu, ó di ìgbà tí òkú bá dé. Ṣé a máa ń túfọ̀ lórí ìdúró ni? Àwọn àgbà á pé, wọ́n á ní kó jókòó, wọ́n á kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ òjò, wọ́n á sọ̀rọ̀ oko, ẹnì kan á ti wà lápá ọ̀tún rẹ̀, ẹnì kan á ti wà lápá òsì, kí ọ̀rọ̀ náà tó jáde lẹ́nu ẹni tó dàgbà jù. Òkú ò dé. Òkun ò dá a padà. Bàbá àgbà fúnra rẹ̀ re ibi àgbà ń rè láìsọ ọ́, àwọn tó mọ̀ ń tẹ̀ lé e lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, àwa tó kù sì wá ń gbé nínú ilé tí ọ̀fọ̀ wà tí wọn ò tíì tú.

Ṣé ìyá mi ò mọ̀ ni? Ohun tí Alàgbà bi mí náà nìyẹn lẹ́yìn tí nǹkan ti bàjẹ́ tán, tó ń fọwọ́ pa irùngbọ̀n. Ó ní ìyá àgbà á kúkú ti mọ̀. Mo ní ẹ̀yin bàbá, ọ̀tọ̀ ni kéèyàn mọ̀, ọ̀tọ̀ ni kí wọ́n sọ fún un. Ó mọ̀ o, kò mọ̀ o, ta ló sọ fún un? Kò sẹ́ni tó sọ. Nítorí náà ó ń bẹ nílé ọkọ, ọkọ rẹ̀ ń bẹ lójú omi. Bí wọ́n bá bi í lọ́jà obì pé, "Bàbá Kẹ́mi ńkọ́?" á ní, "Wọ́n wà lójú omi." Nígbà tí bàbá tìrẹ kó àwọn àgbà ilé lẹ́yìn wá pé òun fẹ́ ṣú u lópó, ṣé o mọ ohun tó sọ? Ó gbé àga fún wọn, ó bu omi fún wọn, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin ọkọ mi. Ta ló kú tí ẹ fẹ́ ṣú opó rẹ̀?" Kò sẹ́ni tó lè dáhùn! Ẹni tó bá dáhùn ti túfọ̀ nìyẹn. Wọ́n mu omi wọn tán, wọ́n dìde.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì ńkọ́? Ìkórè dé, wọ́n pe àwọn opó jáde, ìyá mi ò mira. Wọ́n pe àwọn abilékọ, ó fún gèlè rẹ̀ le, ó jó jáde. Lọ́dọọdún! Àlùfáà tuntun kan fẹ́ sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kan, àwọn ìyá ìjọ fà á lẹ́wù, ó gbé e mì. Gbogbo ìlú ló bá wa gbé e, Bọ̀wálé. Ìlú tí kì í pa ẹnu mọ́ lórí ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni, ó pa á mọ́ lórí ọ̀rọ̀ ìyá mi.

Kí ló wá dé tí mo jẹ́ kí ẹ gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀? Mo sọ fún un pé ọgbà tí a ó ti máa rántí àwọn tó lọ sójú omi ni. Ó ní ó dáa, pé ó yẹ kí wọ́n rántí wọn. O wà níbẹ̀. Ó jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń ṣa obì, ó ń yọ èyí tí kòkòrò jẹ sọ́tọ̀, o gbé fóònù sún mọ́ ọn lẹ́nu, o ní, "Màmá, ẹ bá Bàbá sọ̀rọ̀." Kò tiẹ̀ wo ojú rẹ. Ó ní, "Bàbá Kẹ́mi, ẹ kú ojú omi o. Ẹ kú ìjì. Kẹ́mi ti ní ọmọ-ọmọ. Òrùlé ẹ̀yìnkùlé jò, a ti tún un ṣe. Obì ọdún yìí dára. Ẹ rọra máa bọ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ìkánjú wa ọkọ̀ yín." Ó tán. Ó padà sídìí obì rẹ̀. Ìwọ lo nu ojú, èmi kọ́! Ìwọ lo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, èyí ti tó fún òkúta Bàbá, a ò ní í fi nǹkan kan kún un." Ẹnu tìrẹ nìyẹn!

Ó wá di Sátidé. Ẹ ní kí á wá gbọ́ ọ wò kí àwọn ọ̀gá ológun tó wá ṣí ọgbà náà. Ẹ ní kí Màmá wá, kí ẹ lè yà á ní fọ́tò. Ó wọ léèsì àlùkò rẹ̀, mo bá a gbé báàgì. Ìwọ fúnra rẹ lo ki nǹkan bọ̀ ọ́ létí, o tún un ṣe kó má bọ́, o tẹ nọ́ńbà. Ojú rẹ̀ ni mò ń wò, mò ń dúró kó gbọ́ ohùn ara rẹ̀ kó rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. Ojú rẹ̀ kàn dúró sójú kan. Ó ní, "Ẹ tún un tẹ̀." O tún un tẹ̀, ò ń yọ eyín, o rò pé ó dùn mọ́ ọn ni! Ó ní kó o tún un tẹ̀ sí i. Lẹ́yìn náà ló yọ ọ́ létí, ó ká okùn rẹ̀ jọ dáadáa, ó fi lé ọ lọ́wọ́, ó ní, "Ẹ ṣé o." Ó yíjú sí mi. Ó ní, "Kẹ́mi, inú oṣù Ọ̀wàrà ni wọ́n ní. Obì ni mò ń ṣa nígbà náà."

Ohun tó ń sọ ò yé mi. Mo já nǹkan náà gbà lọ́wọ́ rẹ, mo kì í bọ etí ara mi. Ohùn ọmọbìnrin kan tí n ò mọ̀ rí, ohùn dídùn, bí ẹni tó ń polówó ọṣẹ: "Ẹ ti dé òkúta kẹfà. Olúdọ̀tun, ọmọ àdúgbò Ìjòkú ní Ṣàgámù, kú sínú òkun nínú oṣù Ọ̀wàrà nígbà tí ọkọ̀ wọn rì. Ó fi opó kan sáyé lọ. Ẹ gbọ́ ohùn opó náà." Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n wá fi ohùn ìyá mi sí i. Ẹ kú ojú omi o! Háà, Bọ̀wálé! Ẹ gbọ́ ohùn opó náà!

Ẹ̀rọ túfọ̀ fún ìyá mi! Lórí ìdúró! Nínú oòrùn! Kò sí àgbà kan níbẹ̀, kò sẹ́ni tó ní kó jókòó, kò sẹ́ni tó dì í mú. Ohun tí odindi ilé ò lè fẹnu sọ, ohun tí bàbá àgbà gbé wọ ilẹ̀ lọ, ni ọmọ ọlọ́mọ tí kò mọ̀ wá rí kà jáde fàlàlà. Bàbá rẹ wá gbogbo ọ̀nà kí obìnrin yìí lè jẹ́ opó, kò rí i ṣe. Ìwọ fi fóònù ṣe é. Ó yẹ kí ẹnì kan lọ sọ fún un lójú oórì rẹ̀ pé ọmọ rẹ̀ ti bá a parí iṣẹ́.

Hẹn? Ó dùn ọ́? Jẹ́ kó dùn ọ́!

Kí lo tún wí? Pé gbogbo òkúta gbọ́dọ̀ bára mu? Pé Alàgbà ní ẹni tó ti gbọ́ ìtàn òkú márùn-ún, tó wá dé ìkẹfà, tó gbọ́ tí ẹnì kan ń kí ọkọ rẹ̀ bí alààyè, kò ní í yé e? Kó má yé e! Èmi tí mo jẹ́ ọmọ rẹ̀, ṣé ó yé mi ni? Inú rẹ̀ ni mo dàgbà sí, inú rẹ̀ ni mo ti ń hu ewú, kò yé mi rí, mo kàn ń gbé e.

O pè mí lánàá pé ẹ ti yọ ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin yẹn kúrò, pé ohùn Màmá nìkan ló kù. Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ yọ ọ́ nínú ẹ̀rọ, ta ni yóò yọ ọ́ létí ìyá mi? Mo lọ sọ fún un. Ó ní kí ẹ nu ohùn tòun náà nù. Ó ní ta ní í kí òkú pé ẹ kú ojú omi. Ó ní ojú ń ti òun, pé láti ọjọ́ yìí wá ni òun ti ń jó láàárín àwọn abilékọ, tí wọ́n ń wo òun.

Ojú ń tì í, Bọ̀wálé. Ìyá mi, tó bu omi fún bàbá rẹ!

Ta lo sì rò pé ó fá orí rẹ̀? Àwọn ìyàwó ilé tó yẹ kó fá a fún un, èwo ló kù lókè eèpẹ̀ nínú wọn? Ìrọ̀lẹ́ Sátidé yẹn ló ní kí n bu omi wá. Mo ní Màmá, ọmọ kì í fá irun opó fún ìyá rẹ̀. Ó ní, "Ó dáa, lọ wá ẹlòmíì wá." Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Mo mú abẹ. Irun náà funfun, ó rọ̀, kò tiẹ̀ pọ̀ mọ́. Kò sunkún, èmi náà ò sunkún. Ariwo ọkọ̀ tó ń lọ sí Ìkẹ́nnẹ́ là ń gbọ́.

Ogójì ọjọ́ ló lóun máa fi jókòó. Dókítà ní ara rẹ̀ ò lè gbà á. Àlùfáà bẹ̀ ẹ́ títí, ó ní oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun òun. Omi nìkan ló ń mu. Mo mọ ìyá mi, Bọ̀wálé, má tàn mí, kò ní í kọjá ogójì ọjọ́ náà. Ohun tó ń jí i láàárọ̀ ni pé ẹnì kan ń bọ̀. Ẹ ti sọ fún un pé kò sẹ́ni tó ń bọ̀.

N ò ní kó o tún un ṣe, kò ṣeé tún ṣe mọ́. N ò sì fẹ́ kí ìwọ àti kọmití rẹ wá dọ̀bálẹ̀ sínú ilé mi. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ yìí ló bi mí pé, "Kẹ́mi, ṣé àwọn ará ilé ọkọ mi ò ní í wá ni?" Ó ń retí wọn! Ó ti jókòó sórí ẹní, kò sì tíì sí ẹnì kan láti ilé ọkọ rẹ̀ tó wá wí fún un pé ọkọ rẹ̀ kú. Ta ló kù nílé ọkọ rẹ̀? Kà wọ́n fún mi! Ọmọ inú rẹ̀ lèmi, n ò lè túfọ̀ fún un. Ìwọ lọkùnrin tó kù.

Nítorí náà, dìde. Mo ní dìde! Bọ́ bàtà rẹ. Fóònù yẹn, fi í sílẹ̀ níbí, má mú un wọlé. Má kà á fún un bí ìwé ìròyìn, má sọ pé ó papòdà, má sọ pé ó fi ẹnikẹ́ni sáyé lọ. Jókòó sórí ẹní pẹ̀lú rẹ̀, di ọwọ́ rẹ̀ mú, jẹ́ kó bi ọ́ léèrè àwọn ọmọ rẹ, kó o dá a lóhùn, kó o sọ̀rọ̀ òjò, kó o rọra débẹ̀ bí àgbà ṣe ń débẹ̀. Èmi á wà lápá òsì rẹ̀. Ẹnu ara rẹ ni kó o fi sọ ọ́, kó lè rí ojú ẹni tó sọ ọ́, kó lè rí ẹni bú, kó lè rí ẹni tí yóò sunkún lé léjìká. Bó bá sì bi ọ́ pé ta ló rán ọ, má dárúkọ kọmití kankan. Sọ pé ilé ọkọ rẹ̀ ló rán ọ.