Kì í Ṣe Baba Kan Náà Ló Bí Ifáṣadé àti Fámúyìwá

Ẹ̀yin ará ilé Ifáṣadé, ẹ̀yin ará ilé Fámúyìwá, òótọ́ kan wà tí mo tì mọ́lé, apá mi kò sì ká a mọ́. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ kí wọ́n lè kà á fún yín ní ìpàdé ẹbí, nítorí n kò gbẹ́kẹ̀ lé ẹnu mi. Ó pẹ́ tí mo ti ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ tí mo sì ń dìde kúrò nídìí rẹ̀. N ó jókòó, n ó dìde, n ó lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tí ń retí àlejò, n ó tún padà wá jókòó. Ara mi kò balẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin Moyọ̀sọ́rẹ ọmọ mi. Ẹ rò pé ọ̀fọ̀ ni. Ọ̀fọ̀ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan. Ọkùnrin kan wà láàárín yín tí ó ń ru ẹ̀bi tí kò jẹ kiri. Èmi ni mo di ẹrù náà, èmi náà ni mo gbé e rù ú. Luqman, ọmọ Roheem, ni mo ń wí. Bí mo bá kú láìsọ̀rọ̀, yóò rù ú wọ sàréè, nítorí kò sí ẹlòmíràn lókè eèpẹ̀ tí ó mọ òótọ́ yìí mọ́.

Gbogbo yín ni ẹ mọ ohun tí mo fi ìgbà ìfẹ̀yìntì mi ṣe. Akọ̀wé ni mí ní ilé iṣẹ́ ìwádìí irúgbìn títí mo fi fẹ̀yìn tì, n kò sì kàwé ju ti girama lọ. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń sin adìẹ, àwọn mìíràn jókòó sídìí ayò, èmi ń wá òkú kiri. Láti Ọlọ́runṣògo tí mò ń gbé, n ó wọ ọkọ̀ lọ sí Erunmu, n ó gun ọ̀kadà wọ àwọn abúlé lọ. N ó ra búrẹ́dì àti mílíìkì alágolo fún àwọn ìyá arúgbó, n ó gbé fóònù síwájú wọn kí ó máa gba ohùn wọn sílẹ̀, n ó sì ní kí wọ́n máa ki ilé ọkọ wọn fún mi. Ìyàwó ilé ló mọ ilé. Ọmọ bíbí ibẹ̀ a máa gbàgbé, ṣùgbọ́n obìnrin tí wọ́n gbé wá, tí ó ń fi oríkì jí ọmọ ọkọ láràárọ̀, kì í gbàgbé. N ó béèrè ẹni tí wọ́n sin sí yàrá wo. N ó béèrè ohun tí ilé náà kì í jẹ. N ó wo ilà ojú àwọn tó kù tó kọlà. Bí arúgbó bá ní òun kò mọ ọdún tí wọ́n bí òun, n ó bi í bóyá ó ti ń rìn nígbà tí eéṣú bo oko. Báyìí ni mo ṣe ń to ìran àwọn èèyàn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Bàbá Ìtàn, orúkọ náà sì dùn mọ́ mi ju bó ti yẹ lọ. Ohun tí mo bá ti sọ nípa ìdílé, àríyànjiyàn a parí síbẹ̀. Ẹ̀yin lẹ fún mi ní àṣẹ yẹn. Èmi ni mo ṣì í lò.

Ilé kan ṣoṣo ni n kò rí ìdí rẹ̀, ilé tiwa. Gbogbo abúlé ló mọ̀ pé Ifáṣadé ló tẹ ibẹ̀ dó, àti pé Fámúyìwá, baba baba mi, wà níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ọ̀rẹ́ ni wọ́n, la gbọ́. Ìlú kan náà ni ogun ti lé wọn, la gbọ́. Ẹni tí ó lè mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ ni Ìyá Ọ̀ṣunwùnmí, ìyá Roheem, ìyàwó tó dàgbà jù ní ilé Ifáṣadé. Mo lọ bá wọn lọ bá wọn, wọn kò dá mi lóhùn. Wọn a ní kí n jẹ́ kí àwọn bó ẹ̀gúsí àwọn tán. Lọ́jọ́ kan wọ́n gbójú sókè, wọ́n ní, "Dàpọ̀, ẹni tí ń wá nǹkan kiri, tó bá wá rí i ńkọ́? Ṣé inú rẹ á gbà á?" Mo ní yóò gbà á. Wọ́n ní kí n pa fóònù. Mo pa á. "Ìyá ọkọ mi ló sọ fún mi," ni wọ́n wí. "Ifáṣadé kò bá Fámúyìwá rìn wá síbí. Ó rà á ni. Ọmọdé tí wọ́n kó lógun ni, kò mọ orúkọ ìlú rẹ̀, ẹkún ló ń sun. Ifáṣadé tọ́ ọ, ó ní kí wọ́n kọ ilà tirẹ̀ fún un, ó fẹ́ ìyàwó fún un, ó gé ilẹ̀ fún un. Láti ọjọ́ ìyàwó yẹn, ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pè é ní ẹrú. Ọmọ ilé ni. Ìdí nìyẹn tí a fi ń fi oríkì ilé wa kì yín." Mo béèrè ẹni tó tún mọ̀. Wọ́n ní àwọn nìkan ló kù. "Mo sọ ọ́ fún ọ nítorí pé o kò jẹ́ kí n sinmi. Lójú àwùjọ, ẹnu mi kò ní tú u láé. Ẹni tó bá tú orírun ọmọ ilé síta ti fọ́ ilé. Bí a ṣe bá a nìyẹn." Wọ́n wá rí i pé ojú mi ti yí padà, wọ́n fẹ́ fi ẹ̀rín bò ó. "Àbí o fẹ́ kí n máa rán ọ lọ pọnmi ni? O ti dàgbà jù, wàá fọ́ ìkòkò mi." Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo ń padà lọ sílé, ọkọ̀ gbé mi kọjá ibi tó yẹ kí n sọ̀ kí n tó mọ̀.

Èmi ni mo sì fi ọwọ́ ara mi mú Moyọ̀sọ́rẹ wá sí abúlé. Olùkọ́ ni ní Alákìá, òun nìkan sì ni ọmọ tí Títíladé ìyàwó mi fi sílẹ̀ fún mi kí ó tó kú. Bí Sátidé bá dé, a máa bá mi wá ya fọ́tò àwọn ojú oórì. Luqman, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ títún ẹ̀rọ omi ṣe, a máa bá wa ṣán koríko ibẹ̀. Mo máa ń gbọ́ wọn lẹ́yìn mi. "Bàbá yín yìí, ṣé òkú nìkan ni wọ́n ń dá lóhùn ni? Mo kí wọn láàárọ̀, wọn ò gbọ́." "Kọ́kọ́ kú ná. Wọ́n á bi ọ́ ní orúkọ ìyá ìyá rẹ." "Tí mo bá kú, ta ni yóò ṣán koríko? Ìwọ tí o ń di àdá mú bíi ṣíbí yìí?" Mo gbọ́, mo sì ń rẹ́rìn-ín sínú. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni ọmọ náà. N kò rí àléébù kan lára rẹ̀ títí di òní.

Nígbà tó yá, Roheem wá bá mi nílé pé àwọn fẹ́ wá tọrọ Moyọ̀sọ́rẹ fún Luqman. Ó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n Dàpọ̀, ẹ̀yin tí ẹ ń wádìí gbogbo ayé, ó ti kàn yín o. Àwa náà á wádìí yín. Ìyá ni yóò jókòó sáàárín, wọ́n á sọ bí ilé méjèèjì ṣe pàdé, kí a tó máa bá a lọ." Àwàdà ló ń ṣe, ṣùgbọ́n n kò gbà á ní àwàdà. Mo mọ̀ pé Ìyá kò ní sọ ọ́ lójú àwùjọ. Ṣùgbọ́n nínú yàrá ńkọ́, fún ọmọ tí wọ́n bí nínú ara wọn? Bó pẹ́ bó yá, ìjà yóò dé láàárín ìyàwó àti àwọn obìnrin ilé ọkọ, ẹnìkan yóò sì pe ọmọ mi ní ọmọ ẹrú ilé wọn. Mo pe èyí ní àánú ọmọ. Irọ́ ni. Ojú ara mi ni mo ń gbà tì. Èmi tí mò ń sọ orírun àwọn èèyàn fún wọn, èmi gan-an ni ọmọ ẹni tí wọ́n rà. N kò lè gbé e mì. Àwọn kan nínú yín ṣì gbà pé nítorí Luqman jẹ́ Mùsùlùmí ni mo ṣe ṣe ohun tí mo ṣe. Ìbá sàn bẹ́ẹ̀. Ẹni tó kọ àna nítorí ẹ̀sìn ṣì lè sọ ọ́ jáde lẹ́nu.

Ẹ rántí ọ̀sán ọjọ́ ìtọrọ náà ní àgbàlá ilé Ifáṣadé. Kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu, mo ti dìde. Mo ní ìwádìí mi ti parí, pé Ifáṣadé àti Fámúyìwá kì í ṣe ọ̀rẹ́ lásán, pé baba kan náà ló bí wọn, ìyá kan náà. Mo ní kí ẹ fi ojú ara yín wò ó: ilà kan náà, oríkì kan náà, èèwọ̀ kan náà, a kì í jẹ òkété nílé tiwa, wọn kì í jẹ ẹ́ nílé tiwọn. Kò sí ọ̀kan tí kì í ṣe òótọ́ nínú gbogbo rẹ̀, òun ni mo sì fi mọ ògiri irọ́. Mo ní ẹ̀jẹ̀ kan kì í fẹ́ ara wọn. Roheem yíjú sí ìyá rẹ̀. "Ìyá, ṣé bó ṣe rí nìyẹn?" Ìyá Ọ̀ṣunwùnmí wò mí. Wọn kò bínú. Wọ́n wò mí bí a ṣe ń wo ọmọ tó ń jí oúnjẹ tí a ti bù fún un tẹ́lẹ̀. Mo mọ̀ pé wọn kò ní sọ̀rọ̀. Àṣà tí wọ́n fi bo àṣírí baba wa, òun ni mo fi dí wọn lẹ́nu. Wọ́n fa ìborùn bo orí, wọ́n ní, "Ẹ jẹ́ kí n wọlé, oòrùn ń pa mí." Gbogbo yín gbà pé ẹni tó dákẹ́ ti fara mọ́ ọn. Luqman ní ẹ̀sìn òun kò ka irú ìbátan tó jìnnà báyìí léèwọ̀. Bàbá rẹ̀ dá a lóhùn pé, "Ẹ̀sìn rẹ lè gbà, ilé rẹ kò gbà."

Ọ̀rọ̀ kò parí síbẹ̀. Moyọ̀sọ́rẹ wá bá mi nílé, mo ń fọ abọ́ lọ́wọ́. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. "Bàbá mi, ṣé ó dá yín lójú? Ẹ̀yin náà lẹ máa ń sọ pé àgbà lè ṣì í sọ. Ṣé ẹ̀yin kò lè ṣì í?" Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní, "Mo ti lóyún." Ẹ gbọ́ mi. Ọ̀nà là sílẹ̀ gbọọrọ níwájú mi. Bí mo bá ti sọ pé ó jọ pé mo ṣì í, ọ̀rọ̀ ti tán. Kò sí ẹni tí yóò bi mí pé èéṣe. Mo wo abọ́ ọwọ́ mi. Mo ní, "Ó dá mi lójú." Ó ní, "Ẹ ṣé, sà." Kò pè mí ní sà rí. Ó lọ ṣẹ́ oyún náà. Nígbà tó hàn sí àwọn àgbà, wọ́n mú àwọn méjèèjì kúnlẹ̀ ní àgbàlá, wọ́n wọ́n omi sí wọn lára, wọ́n ní kí wọ́n pe ara wọn ní ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Wọ́n pè é. Mo wà níbẹ̀. Mo ṣe àmín.

Láti ìgbà náà, kò bá mi wá abúlé mọ́, kò sì fẹ́ ẹnikẹ́ni. Luqman náà kò fẹ́yàwó. Ó ní ara òun kò mọ́. Ìyá Ọ̀ṣunwùnmí kú pẹ̀lú ọ̀rọ̀ náà nínú. N kò lọ kí wọn lórí àìsàn, ojú kò jẹ́. Lọ́dún tó kọjá, àìsàn ilé ọmọ mú Moyọ̀sọ́rẹ lọ. Bóyá ohun tó ti ṣẹlẹ̀ rí ló fà á, bóyá òun kọ́. Dókítà wà níwájú mi, n kò bi í. Ẹ̀rù ń bà mí kí ó má baà dá mi lóhùn.

Òbí kì í dé ojú oórì ọmọ, nítorí náà ilé ni mo jókòó sí. Luqman bá àwọn ọmọ ilé gbẹ́lẹ̀, ó bá wọn rọ́ yẹ̀pẹ̀ sí i gẹ́gẹ́ bí ẹ̀gbọ́n. Ó wá bá mi nínú yàrá, yẹ̀pẹ̀ ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀. "Bàbá, ẹ forí jì mí. Èmi ni mo ṣàgbà. Ó yẹ kí n ti béèrè ìran wa kí n tó fọwọ́ kàn án. Èmi ni mo pa á." Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀fun mi, mo gbé e mì. Mo gbé ọwọ́ lé e lórí, mo dárí ẹ̀ṣẹ̀ ara mi jì í. Nínú gbogbo ohun tí mo ṣe, èyí ni kì í jẹ́ kí ìdí mi kan àga.

Nítorí náà, ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Kì í ṣe baba kan náà ló bí Ifáṣadé àti Fámúyìwá. Luqman àti Moyọ̀sọ́rẹ kò bá ara wọn tan. Kò sí èèwọ̀ tí wọ́n jẹ, kò sí omi tó yẹ kí a wọ́n sí wọn lára. Ilé Fámúyìwá, ẹ forí jì mí tí mo tú baba wa síta. Ẹni tí wọ́n rà ni, kò sì purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni; èmi tí wọ́n bí sínú òmìnira ni mo purọ́. Ìyá Ọ̀ṣunwùnmí, ẹ forí jì mí níbi tí ẹ wà. Mo ti fọ́ ohun tí ẹ ní kí a má fọ́, n kò rí ọ̀nà mìíràn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ti ń gba ohùn àwọn arúgbó sílẹ̀, bí ìtàn bá dé ibi tó dun ẹ̀yin fúnra yín, ẹ kọ ọ́ bó ṣe rí, tàbí kí ẹ fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. Àyè òfìfo kì í pa ọmọ ẹni.

Luqman, n kò ní kí o dárí jì mí lónìí. Ẹ̀yin tó kù, bí ẹ bá pàdé rẹ̀ lọ́nà, ẹ má kí i ní kú ará fẹ́ra kù bí a ti ń kí ẹbí òkú. Ẹ kí i bí a ti ń kí ọkùnrin tí aya rẹ̀ kú. Èmi ni n ó kọ́kọ́ kí i. Bí wọ́n ti ń ka èyí fún yín lọ́wọ́, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni mo wà, nítorí kì í wá sí ìpàdé ẹbí mọ́. Bí ó bá sì ti ilẹ̀kùn mọ́ mi, n ó kí i láti ìta.