Orúnkún Mi Kò Jẹ̀bi

"Mo ní kí o lóṣòó, kí o sì dìde láìfọwọ́ kan ògiri!"

Alága ẹgbẹ́ àwa rẹfirí ló ń pariwo mọ́ mi báyẹn, nínú yàrá tí a ti ń pààrọ̀ aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, níwájú ọkùnrin mọ́kànlá. Mo bi í pé ṣé ẹṣin ló fẹ́ rà ni, àbí kí n kúkú lanu kó ka eyín mi. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ó ní ọ̀rọ̀ àwàdà kọ́, wọ́n ti sọ fún òun pé orúnkún ọ̀tún ń yọ mí lẹ́nu, àṣekágbá sì ku ọjọ́ mẹ́sàn-án péré. Mo ní ta ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní ẹni tó sọ ọ́ kò purọ́. Mo lóṣòó. Mo dìde. Orúnkún náà dún kọ̀, bí ìgbà tí èèyàn ṣẹ́ igi gbígbẹ, gbogbo yàrá sì gbọ́ ọ, wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín kejì yẹn ni mi ò lè gbàgbé.

Ẹ̀yin tí ẹ rín ẹ̀rín yẹn ni mò ń kọ èyí sí, àti ẹ̀yin tuntun tí ẹ kò sí níbẹ̀. Kí akọ̀wé kà á sókè nípàdé, kó má fo ìlà kankan. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ẹ gbé lẹ́tà Káfíńtà, tó ń mú àsíá fún mi nígbà náà, wá fún mi, èyí tó fi ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹ dá báàjì rẹfirí òun padà lẹ́yìn ọdún mẹ́fà. Ẹ ní èmi ni mo mọ ìdí ọ̀rọ̀ náà jù, kí n fọwọ́ sí i pé kò yẹ. Mo gbé bírò lé ìwé, ọwọ́ mi kọ̀. Ó tó gẹ́ẹ́. Ohun tí mo gbé mì lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn, mo fẹ́ pọ̀ ọ́ síta lónìí. Ẹni tí òórùn rẹ̀ bá máa pa, kó yáa dìde kúrò níbẹ̀.

Ẹ mọ̀ mí, ẹ sì mọ ẹnu mi. Alágbàfọ̀ ni mí. Ìdúró ni mo fi ń jẹun, nídìí tábìlì áyọ́ọ̀nù láti àárọ̀ títí oòrùn á fi rọ̀. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi níṣẹ́ rẹfirí. Inú àpò ṣòkòtò oníbàárà kan ni mo ti rí ìwé òfin eré bọ́ọ̀lù, lẹ́yìn tí omi ọṣẹ ti mu ún yó. Mo fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́ lójú ewé kọ̀ọ̀kan títí ó fi gbẹ, mo sì ń kà á bí mo ṣe ń lọ̀ ọ́. Nígbà tí oníwèé padà wá gba ṣòkòtò rẹ̀, mo bi í ní ìbéèrè mẹ́ta nínú ìwé òun fúnra rẹ̀, kò gba ẹyọ kan. Ibẹ̀ ni orúkọ Ìyá Fèrè ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ti orúnkún, kí n sọ bó ṣe rí gan-an, nítorí ẹ ti sọ ọ́ di ìtàn. Ìrora kékeré ni. Bí mo bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, á ṣe bíi pé hóró iyanrìn kan há sínú rẹ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nọ́ọ̀sì tẹ̀ ẹ́ síwá sẹ́yìn, ó ní nǹkan kan ò já, nǹkan kan ò ṣẹ́, iṣẹ́ ló pọ̀ jù fún un. Ó ní kí n sinmi fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí n máa fi omi dídì lé e, kí n sì máa fẹ̀yìn ti ògiri lóṣòó díẹ̀díẹ̀ kí iṣan itan lè lágbára. Mo bi í bóyá mo lè sáré. Ó ní mo lè sáré, bí mo bá fẹ́ kí ọ̀sẹ̀ méjì di oṣù méjì. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì fi ìmọ̀ràn rẹ̀ sílẹ̀ lórí tábìlì rẹ̀. Nínú ṣọ́ọ̀bù, mo ń fi táwẹ́ẹ̀lì oníbàárà wé omi dídì lé orúnkún (ẹ kúkú kọ ìyẹn náà mọ́ ẹ̀ṣẹ̀ mi). Lórí pápá, báńdéèjì wà lábẹ́ ìbọ̀sẹ̀ gígùn, ojú mi sì le koko.

Yàtọ̀ sí nọ́ọ̀sì, èèyàn méjì péré ló mọ̀. Ọkọ mi mọ̀, nítorí inú ilé kan náà la wà. Káfíńtà mọ̀, nítorí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò ju ilé méjì sí tèmi lọ, ó sì rí mi lọ́jọ́ kan tí mo jókòó sórí àtẹ̀gùn pápá tí mi ò tètè dìde. Lọ́jọ́ kejì ó gbé àpótí kékeré kan wá tó kàn fúnra rẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa gbé ẹsẹ̀ kan lé e bí ẹ bá ń lọ aṣọ." Èmi ni mo kọ́ ọmọkùnrin náà ní òfin eré láti A dé òpin. Ó ti mú àsíá lẹ́bàá ìlà fún mi ní ọdún mẹ́rin. Àwọn àgbà rẹfirí láti líìgì ńlá fẹ́ wá wo àṣekágbá ọdún yẹn, òun ni wọ́n sì fẹ́ wò. Bó bá ṣe dáadáa, wọ́n á mú un lọ. Ó ti gé irun rẹ̀ sílẹ̀ dè wọ́n.

Nígbà tí mo lóṣòó tán tí ẹ rín ẹ̀rín yín tán, Alága ní kò burú, èmi ni mo máa fọn fèrè àṣekágbá, àmọ́ kí Káfíńtà fi fèrè kan sápò bó ṣe ń mú àsíá. Bí mo bá fi tiro lẹ́ẹ̀kan, òun ló máa gbapò. Mo wo Káfíńtà. Ó dorí kodò. Mo ní hẹn nínú ọkàn mi. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ náà ló wà. Ìwọ lo tà mí, kí o lè rí fèrè mi gbà níwájú àwọn àlejò. Mi ò bi í. Ẹni tó bá ti dájọ́ tán kì í béèrè ẹ̀rí. Láti ọjọ́ yẹn, gbogbo àwọ̀tẹ́lẹ̀ tí mo bá lọ̀, ojú Káfíńtà ni mò ń gbé áyọ́ọ̀nù lé.

Ọjọ́ àṣekágbá dé. Mo sáré, mi ò tiro. Góòlù kọ̀ọ̀kan ni ẹgbẹ́ aláṣọ pupa àti aláṣọ búlúù ní, ó sì ku ìṣẹ́jú méje. Wọ́n gbá bọ́ọ̀lù kan síwájú sí ọmọ búlúù kan tó ti dá dúró lẹ́yìn gbogbo àwọn tó ń dènà, tó jẹ́ pé òun àti gólì nìkan ló kù. Ọmọ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ bọ́ọ̀lù ní wíwò mọ̀ pé òfin kò gbà á. Àsíá Káfíńtà gòkè ní ìṣẹ́jú àáyá yẹn gan-an, apá rẹ̀ nà gbọnrangandan. Mo rí i. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: mo rí i kedere bí mo ṣe ń rí ìwé yìí, orúnkún náà kò sì dùn mí rárá lásìkò yẹn. Mo yí ojú mi kúrò, bọ́ọ̀lù wọlé, mo sì na ọwọ́ sí àárín pápá pé góòlù ni.

Káfíńtà ò sọ àsíá kalẹ̀. Àwọn aláṣọ pupa yí i ká, wọ́n ń fà á láṣọ pé kó sọ ohun tó rí. Mo rìn lọ bá a, mi ò kánjú. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo ti gbé e sókè ṣáájú." Mo fi ohùn jẹ́jẹ́ dá a lóhùn, "Orúnkún mi ò jẹ́ kí n rí ọ. Ṣé fèrè ṣì wà lápò rẹ? Fọn ọ́n, jẹ́ ká gbọ́." Ojú rẹ̀ ṣú. Mi ò ní purọ́ fún yín níbi tí mo ti wá sọ òótọ́: ó dùn mọ́ mi. Ó dùn débi pé mo fi orin sún mọ́ ilé lọ́jọ́ yẹn.

Àwọn aláṣọ pupa kọ̀wé ẹ̀sùn. Mo kọ ìròyìn tèmi, mo ní lẹ́yìn tí bọ́ọ̀lù ti wọlé, tí gólì pupa ti jágbe mọ́ Káfíńtà, ni ẹ̀rù bà á tó fi gbé àsíá. Ó ku ẹni kan tó lè bà á jẹ́, Onígbàjámọ̀, tó mú àsíá ní ìlà kejì. Mo bá a ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ń fá irùngbọ̀n oníbàárà. Ó ní òun rí àsíá Káfíńtà lókè kí wọ́n tó gbá a wọlé. Mo rán an létí ọjọ́ tó wá sí pápá tí bíà ń rùn lẹ́nu rẹ̀, tí mi ò kọ ọ́ sínú ìròyìn. Ó fi aṣọ nu abẹ náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, "Ìyá Fèrè, oòrùn ló wà lójú mi lọ́jọ́ náà." Kurukuru ló bo ojú ọ̀run láti àárọ̀ ọjọ́ yẹn. Mo ní oòrùn náà ni. Onígbàjámọ̀, bí o bá wà níbi tí wọ́n ti ń ka èyí, dìde kí wọ́n rí ọ. Mi ò lè nìkan wọ ẹrẹ̀.

Káfíńtà, mo ń bẹ̀ ọ́. Mi ò bẹ̀ ọ́ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀gbọ́n, nítorí mo ti jẹ oyè yẹn tán. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fèrè, wọ́n ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Omi dídì ni mò ń gbé lé orúnkún, inú mi tó ń jóná kò rí ẹni bu omi sí i. Ṣùgbọ́n èyí tó burú jù ṣì kù, mi ò sì ní jẹ́ kí ẹ̀bẹ̀ bò ó.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ pè wá lórí ẹ̀sùn náà, ọkọ mi ń wò mí bí mo ṣe ń wé báńdéèjì. Ó ní, "Ìyàwó mi, jókòó. Èmi ni mo sọ fún Alága." Mo ní kí ló sọ. Ó ní ẹ̀yìn ẹ̀yìn ni mo fi ń sọ̀ kalẹ̀ ní àtẹ̀gùn, àánú mi ló ṣe òun. Ó ní òun bẹ Alága kó má dárúkọ òun. "Mo mọ ẹnu rẹ. Káfíńtà kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀." Mo so báńdéèjì náà, mo wọ bàtà. Ó bi mí kí ni mo fẹ́ ṣe. Mo ní ibi tí wọ́n ti pè mí ni mò ń lọ. Ìrìn ogójì ìṣẹ́jú ni. Àyè wà láti yí padà ní gbogbo igun.

Àga kan ṣoṣo ló wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọ́fíìsì, Káfíńtà ló jókòó sí i, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó fọwọ́ ara rẹ̀ lọ̀, ìlà méjì-méjì wà lápá rẹ̀. Bó ṣe rí mi ló dìde. Ó ní, "Ẹ jókòó, ẹ̀gbọ́n, ẹ má dúró lórí ẹsẹ̀ yẹn." Àánú tó wà lójú rẹ̀ bí mi nínú ju ẹ̀rín ẹ̀yin mọ́kànlá lọ. Mi ò jókòó.

Nínú yàrá, àwọn àgbà láti líìgì ńlá wà lápá ọ̀tún Alága. Onígbàjámọ̀ sọ ti oòrùn rẹ̀. Ó kan Káfíńtà. Ó ní òun gbé àsíá sókè lásìkò, ṣùgbọ́n òun kò rò pé Ẹ̀gbọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ó ní orúnkún ló dá mi dúró sẹ́yìn, mi ò rí i, ẹnikẹ́ni kò jẹ̀bi. Ọ̀nà àbáyọ ló là sílẹ̀ fún mi. Bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, òun á lọ sí líìgì ńlá, wọ́n á sì gba fèrè lọ́wọ́ mi nítorí ẹsẹ̀ tí kò gbé mi dé ibi tó yẹ.

Alága yíjú sí mi. Ó ní, "Ìyá Fèrè, ìwọ ni mo ń bi. Kí bọ́ọ̀lù tó wọlé, ṣé àsíá ọkùnrin yìí wà lókè?"

Káfíńtà mi orí sí mi díẹ̀, bí ẹni ń ki ọmọdé láyà. Mo gbé gbogbo ara mi lé ẹsẹ̀ ọ̀tún, mi ò di tábìlì mú.

Mo ní, "Orúnkún mi kò ṣe nǹkan kan. Mo wà níbi tó yẹ kí n wà, ojú mi sì wà lára rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò gbé àsíá sókè títí bọ́ọ̀lù fi wọlé."

Alága na ọwọ́ sí Káfíńtà pé kó mú báàjì wá.