Oyin Lásán

Òjò ń ṣẹ́ wìnnìwìnnì lọ́sàn-án ọjọ́ kan ní Ọjà'ba, mo bá yà sábẹ́ àtíbàbà ìyá olóyin kan. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ òun àti ọmọge kan tó wá ra oyin.

"Ṣé jíjẹ lo fẹ́ jẹ ẹ́?" ìyá náà bi í.

"Rárá, mà. Ojú ni mo fẹ́ fi pa. Ẹ wo irorẹ́ tó wà lẹ́rẹ̀kẹ́ mi."

"Èyí ò mà pọ̀. Fi pa á, jẹ́ kó wà níbẹ̀ díẹ̀, kó o wá fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ṣàn án."

"Mo ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, mà. Ìyá mi ni wọ́n máa ń bá mi pa á tẹ́lẹ̀, ká tó lọ kírun Jímọ̀. Màá gbé orí lé wọn lẹ́sẹ̀, màá dijú, àfi bíi pé mò ń léfòó lórí omi. Wọ́n ti kú báyìí. Bí mo bá fi ọwọ́ ara mi pa á, oyin lásán ni."

Oyin lásán. Mò ń tún un sọ lọ́kàn mi bí òjò ṣe ń kán sórí páànù.

Ìyá náà nu ọwọ́ mọ́ ìró rẹ̀, ó fa àpótí kan sún mọ́ ọn.

"Jókòó, ọmọ mi."

Ó da oyin díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó sì ń fi ìka pa á sójú ọmọ náà jẹ́jẹ́. Ọmọ náà dijú.

"Ọwọ́ mi le o," ìyá náà sọ.

"Ọwọ́ tiwọn náà le, mà," ló dáhùn. Kò lajú.