Èédú Tí Mo Ní Kò Léwu

Ẹ̀yin ará ìjọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi àdúrà náà mọ bẹ́ẹ̀. Ẹ ti gbàdúrà fún mi tó, ọ̀rọ̀ tó wà nínú mi ni kò jẹ́ kó gbà. Bí mo bá gbé e wọ sàréè, ẹ̀mí mìíràn á tún bá a lọ. Keziah kò pa ọmọ-ọmọ rẹ̀. Èmi Olúgbóyèga, tí ẹ ń pè ní Baba Onímọ̀, ni mo pa á, ẹnu ni mo sì fi pa á.

Ẹ mọ iṣẹ́ mi. Ilé oògùn àwọn awakùsà ní Rayfield ni mo ti ń bá dókítà òyìnbó po oògùn, tí mo sì ń ṣe ògbufọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn ìsìn, ẹ máa ń jókòó tì mí kí n ṣàlàyé ohun tí àwọn onímọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rí: bí ẹ̀fọn ṣe ń gbé ibà kiri, ìdí tí omi kòtò kùsà fi ń da inú rú. Òótọ́ ni ìwọ̀nyẹn. Ṣùgbọ́n ìyìn yín ti ń pa mí bí ọtí. Nígbà ọyẹ́ ọdún kan, àwọn ìyá bi mí léèrè nípa iná yàrá ìkókó. Nílé, ní ilẹ̀ Yorùbá, ìyá ọlọ́mọ tuntun gbọ́dọ̀ yáná; igi la fi ń dá a, èéfín a sì gba ojú òrùlé koríko jáde. Ní Jos tí òtútù ń gé ni létí yìí, yàrá páànù là ń gbé, a sì ń fi àkísà dí gbogbo ojú fèrèsé. Wọ́n ní èéfín ń ta ọmọ lójú. N kò bi dókítà. N kò ṣí ìwé kankan. Mo kàn wúkọ́ bí ọ̀gá, mo ní, "Èéfín ló ń pani lára. Èédú tó bá ti pọ́n kò ní èéfín, nítorí náà kò léwu. Ẹ kó o sínú kasko, ìkòkò amọ̀ àwọn Hausa yẹn, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, kí ẹ tilẹ̀kùn." Ẹ pàtẹ́wọ́ fún mi. Ìpàtẹ́wọ́ burúkú!

Kò pẹ́ sí i ni dókítà fúnra rẹ̀ wá bá wa ní gbọ̀ngán ìjọ ní Naraguta. Ó ní kí n sọ fún yín pé èédú pípọ́n nínú yàrá tó dí máa ń tú atẹ́gùn olóró jáde, tí kò ní àwọ̀, tí kò ní òórùn. Ẹ̀jẹ̀ ènìyàn á gbà á dípò atẹ́gùn rere, orí á máa fọ́ni, oorun á gbéni lọ, ọmọdé kì í sì í sábà jí. Ó ní kí ẹ má gbé e wọ yàrá tí ẹ ń sùn. Kò sí ọ̀kan tí kò yé mi. Ṣùgbọ́n mo wò yín, mo rí i pé bí mo bá túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe rí, òpùrọ́ ni n ó dà lójú yín. Mo bá la ẹnu òṣì yìí, mo ní, "Dókítà ní kí ẹ rí i pé èédú pọ́n dáadáa kí ẹ tó gbé e wọlé." Dókítà rí i tí gbogbo yín ń mi orí, inú rẹ̀ dùn, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí irọ́ mi. Ìkà ènìyàn ni mí!

Akínwọlé tó jókòó lẹ́sẹ̀ ibùsùn mi yìí, akọ̀wé rélùwéè, wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Nígbà tí Lydia aya rẹ̀ bímọ ní Angwan Rukuba, Keziah, ìyá Akínwọlé, ti Iléṣà wá láti máa wẹ ọmọ. Yàrá ìta ni ìyá àgbà ń sùn, Akínwọlé sì wà lẹ́nu iṣẹ́ òru ní rélùwéè. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, a gbọ́ igbe. Nígbà tí mo débẹ̀, Lydia ń bì, orí ń fọ́ ọ, kò lè dìde. Ọmọ ti kú sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kasko wà nítòsí ibùsùn, eérú rẹ̀ ṣì gbóná. Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Akínwọlé dì mọ́ mi, ó ní, "Brọ̀dá, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀wé, kí ló pa ọmọ mi?" Ìdáhùn wà níwájú ẹsẹ̀ mi. Mo ní, "Akínwọlé, èyí ju ìwé lọ o."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló tó. Ojú gbogbo ilé yí sí Keziah. "Ta ló gbé ọmọ gbẹ̀yìn? Kí ló dé tí òun nìkan jí tí ara rẹ̀ dá ṣáká?" Ẹ̀yin náà, ẹ má wolẹ̀! Ta ló ju ẹrù ìyá arúgbó síta? Ẹ̀yin tí ẹ ń jẹ ara Olúwa! Hausa tó ni ilé ló ń pariwo pé, "Haba! Tsohuwa ce fa!" pé ṣé a ò rí i pé arúgbó ni. Keziah yíjú sí mi, ó ní, "Olúgbóyèga, ìwọ lo kàwé. Bá mi sọ fún wọn pé n kò jẹ ọmọ mi." Bàtà mi ni mò ń wò. Ọmọ tó bí ló mú un lọ sí ibùdó ọkọ̀ ojú irin, kò sì kí i pé ó dàbọ̀.

Mo lè gbé e kú, àyà mi le tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n lánàá Lydia wá kí mi, oyún mìíràn ti wọ oṣù ìbímọ. Mo bi í pé kí ló ṣe sílẹ̀ de ọmọ nínú ọyẹ́ yìí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Baba, mo ti ra èédú tó dára, bí ẹ ṣe kọ́ wa. Kò kúkú sí ọ̀tá nílé mọ́." Ìdí nìyẹn tí mo fi ránṣẹ́ pe gbogbo yín lónìí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹni tó bá ń ṣàlàyé ìmọ̀ fún yín tí kò lè sọ pé "N kò mọ̀" tàbí "Mo ṣìnà," ẹ sá fún un. Ẹ bi í pé níbo ló ti gbọ́. Lydia, ọmọ mi, má gbé èédú wọ yàrá rárá. Aṣọ ni kí o fi bo ọmọ, ìta gbangba ni kí ẹ ti yáná. Akínwọlé, bí o bá fẹ́ gbá mi létí, gbá mi, ó tọ́ sí mi. Ìdáríjì tí mo ń tọrọ kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú yàrá yìí. Ọkọ̀ ń lọ lọ́la. Wọ̀ ọ́, kí o lọ dọ̀bálẹ̀ fún ìyá rẹ ní Iléṣà, kí o dárúkọ mi fún un, kí o sì bẹ̀ ẹ́ kó wá wẹ ọmọ rẹ.