Ọ̀nà Tí Mo Ní Iná Ti Dí

Ẹ̀yin panápaná, ẹ̀yin ará àdúgbò, mo dúpẹ́ tí ẹ gbé àga mi wá síhìn-ín. Dókítà ní ẹ̀dọ̀fóró mi ò ní gbé mi dé ìgbà tí koríko máa tún yọ. Ẹ̀rù ikú ò bà mí tó ẹ̀rù ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ṣùgbọ́n òtítọ́ gbọ́dọ̀ jáde lónìí. Bí mo bá gbé e wọ sàréè, Orpha Rudd tó jókòó níwájú mi yìí á máa rò títí ayé pé òun lòun pa ọkọ òun. Kì í ṣe òun. Èmi Verlin Stastny ni.

Ẹ rántí oṣù Kẹta, ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn. Ooru tí a máa ń rí níbí nínú oṣù Keje ti dé kí òtútù tó kásẹ̀ nílẹ̀. Mo ti gé igi kédárì lórí pápá mi, mo fi katakata kó wọn jọ, mo sì sun wọ́n nígbà tí yìnyín ṣì wà nílẹ̀. Gbogbo wa la mọ òfin ibí: ẹni tó bá sun òkìtì igi gbọ́dọ̀ ki ọwọ́ bọ inú eérú kó tó sọ pé iná ti kú. Èmi, ojú fèrèsé ọkọ̀ ni mo ti wò ó. N ò rí èéfín, mo kọjá lọ. Ọ̀lẹ ni mí, ẹ jẹ́ n pe ara mi lórúkọ tó yẹ mí.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí iná ńlá yẹn jà, rédíò kìlọ̀ pé ooru á mú, afẹ́fẹ́ láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn á le, koríko sì ti gbẹ, kí ẹnikẹ́ni má ṣáná, kódà kí a má jó irin. Wọ́n tún ní kí ilẹ̀ tó ṣú, òtútù á ya wọ̀lú láti àríwá, afẹ́fẹ́ á sì yí padà lójijì. Kò pẹ́ tí Cleve Rudd, ọkọ Orpha, pè mí. Bí ẹ̀gbọ́n ló rí sí mi, ilẹ̀ wa ló pààlà.

"Verlin, o ti ki ọwọ́ bọ eérú ẹ yẹn ṣá?"

"Ẹ̀gbọ́n, ó tutù débi pé adìyẹ lè yé sínú ẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní bí ọ̀lẹ bá yára dáhùn, ó yẹ kéèyàn fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ wò ó. Kò wá, torí pé ó gbà mí gbọ́. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn, ṣùgbọ́n èmi sùn.

Ní aago méjì ọ̀sán, èéfín yọ lẹ́yìn abà. Afẹ́fẹ́ ti tú eérú ká, ẹ̀yinná tó ti wà nínú rẹ̀ láti ọjọ́ mẹ́sàn-án ti bọ́ sínú koríko. Fóònù wà lápò mi, ẹ̀yin panápaná ò sì jìnnà, ṣùgbọ́n ìtìjú gbá mi mú. Katakata ni mo gùn, mo ń ti yẹ̀pẹ̀ bo òkìtì náà kí ẹnikẹ́ni má baà mọ ibi tí iná ti ṣẹ̀. Nígbà tí mo fi ṣe tán, iná ti sá lọ sí àríwá ìlà-oòrùn, ó gùn, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹlòmíì ló pè yín. Ilé Cleve wà ní gúúsù iná náà, gbogbo èèyàn sì ń dúpẹ́ pé ó ti yẹ̀ wọ́n sílẹ̀. Èmi náà bá wọn dúpẹ́, èmi tó gbọ́ ohun tí rédíò sọ.

Nígbà tó ku díẹ̀ kí aago mẹ́rin lù, Cleve tún pè. Ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀. Ó ní ojú sánmà àríwá ti dúdú, òun àti Orpha fẹ́ kúrò nílé.

"Àbúrò, ṣé ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ pápá ẹ ṣeé gbà?"

Ọ̀nà náà ṣófo. Iná ti jó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì tán, ilẹ̀ dúdú lásán ló kù. Ọmọdé ibí pàápàá mọ̀ pé ilẹ̀ tó ti jó là ń sá sí, torí iná kì í jẹun lẹ́ẹ̀mejì nínú àwo kan. Èmi gan-an dúró lórí ẹ̀. Ṣùgbọ́n katakata mi wà níbẹ̀, yẹ̀pẹ̀ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wà wà lórí òkìtì, Cleve ò sì ní kọjá kó má béèrè.

"Iná ti dí i," mo ní. "Ẹ gba ọ̀nà odò."

"Ọlọ́run á san án fún ẹ," ló sọ.

Ẹ mọ ọ̀nà odò: koríko tó ga dé àyà, kédárì lọ́tùn-ún lósì, géètì mẹ́ta tí èèyàn gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ ṣí. Mo lè pè é padà. Mo di fóònù mú, mo ń sọ fún ara mi pé wọ́n á ti kọjá kí afẹ́fẹ́ tó yí. Lẹ́yìn náà afẹ́fẹ́ dúró. Kí n tó mí lẹ́ẹ̀mẹta, òtútù gbá mi lẹ́yìn ọrùn, mo sì rí i tí gbogbo ẹ̀gbẹ́ iná náà, láti òpin kan dé èkejì, kọjú sí gúúsù lẹ́ẹ̀kan náà, ó ń lọ sí ọ̀nà odò. Ìgbà yẹn ni mo wá pe Cleve. Ó ń dún, kò gbé e. Mo pè é lẹ́ẹ̀mẹrin. Mo ń pariwo sínú fóònù tí ẹnikẹ́ni ò gbé.

Ẹ̀yin lẹ bá wọn ní géètì kejì. Cleve ti gbé Orpha sínú táǹkì omi màlúù, òun fúnra rẹ̀ ò rí àyè wọlé. Ẹ̀yin tí ẹ gbé e kò nílò kí n tún un sọ.

Àwọn tó ṣèwádìí rí wáyà iná mànàmáná kan tó já, wọ́n ní òun ló fà á. Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Níbi ìsìnkú, Orpha fi ọwọ́ tí wọ́n dì ní báńdéèjì gbá mi mú, ó ní èmi nìkan ló gbìyànjú láti gbà wọ́n. Láti ìgbà náà, gbogbo Ọjọ́bọ̀ ló ń gbé ọbẹ̀ ẹ̀wà wá fún mi, bó bá sì ti jókòó, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń sọ.

"Verlin, èmi ni mo pa á. Ká ní n ò padà wọlé lọ mú oògùn mi ni, à bá ti kọjá géètì yẹn."

Mo ń jẹ ọbẹ̀ rẹ̀, mo ń ní kó má sunkún, n ò sì sọ gbólóhùn kan ṣoṣo tó lè gbà á sílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ rò pé irọ́ orí fóònù ló burú jù, ẹ tún un rò. Bí rédíò bá ti dárúkọ òtútù àríwá nínú oṣù Kẹta, mo máa ń pa á, màá jókòó bí ẹni tí wọ́n ń bọ̀ wá mú.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí iná bá bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ pariwo. Ìtìjú ọjọ́ kan ni. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò bá tèmi kí Cleve tó dé géètì.

Orpha, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbójú sókè. Oògùn yín ò pa ẹnikẹ́ni. Ì báà jẹ́ pé ẹ tètè jáde tàbí ẹ pẹ́, ká ní ẹ gba ẹ̀gbẹ́ pápá mi ni, Cleve ì bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín lónìí. Ẹ dárí jì mí bí ẹ bá lè. Bí ẹ ò bá lè, ó yé mi. Ẹ ṣáà sọ ẹrù yẹn kalẹ̀. Tèmi ni, ẹ̀yin lẹ sì ti ń bá mi rù ú láti ọdún mọ́kànlá.